Ọ̀nà Ọjà ní Lọ́kọ́jà: Ìdí Tí Oníṣòwò Kékeré Fi Gbọ́dọ̀ Ní Ìkànnì Tirẹ̀ Lórí Ayélujára

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àǹfààní tó wà nínú kí oníṣòwò kékeré ní ìkànnì tirẹ̀ lórí ayélujára. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ti máa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá. Ọ̀rọ̀ ọjà ni mo kà á sí, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ ọjà ní ìlú yìí, etí omi ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Odò Ọya àti odò Bẹ́núé pàdé níhìn-ín. Kí mọ́tò tó dé, ẹni tó bá fẹ́ gbé iyọ̀ tàbí aṣọ wọ àárín ilẹ̀ yìí, omi ló ń gbà. Àjàyí Crowther bá ọkọ̀ òyìnbó gòkè odò yìí ní ọdún 1841, ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá oko àwòkọ́ṣe kan sílẹ̀ ní agbègbè wa yìí. Baikie, dókítà ará Scotland, tẹ̀dó síbí ní nǹkan bí ọdún 1860. Ohun kan náà ni gbogbo wọn rí: ibi tí omi ńlá méjì bá ti pàdé, àwọn èèyàn á máa kọjá níbẹ̀, ibi tí èrò bá sì ti ń kọjá, ọjà á hù níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ní ọdún 1886, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ilé-iṣẹ́ George Goldie, tí a mọ̀ sí Royal Niger Company, ní ìwé àṣẹ. Ilé-iṣẹ́ ìṣòwò ni, ṣùgbọ́n ìwé náà fún un lágbára ìjọba lórí odò. Òun ló ń gba owó orí ẹrù. Òun ló ń sọ ẹni tó lè tajà àti ibi tó ti lè tà á. Àwọn ará Nembe, tí òyìnbó ń pè ní Brass, ti ń ra epo pupa lórí omi yìí láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn. Lójijì, wọ́n di àlejò lórí omi tí a bí wọn sí. Ilé-iṣẹ́ náà ní kí wọ́n máa san owó ìwé àṣẹ tí apá wọn kò ká. Òwò dá, ebi wọ̀lú. Ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1895, Ọba Koko kó àwọn jagunjagun tó lé ní ẹgbẹ̀rún, wọ́n kọlu ibùdó ilé-iṣẹ́ náà ní Akassa. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn náà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi lọ sun Nembe. Nígbẹ̀yìn, ìjọba gba ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ náà padà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1900, ní Lọ́kọ́jà níhìn-ín, wọ́n sọ àsíá ilé-iṣẹ́ yẹn kalẹ̀, Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sì ta ti ìjọba rẹ̀ sókè.

Àwọn ará Nembe ní ọkọ̀. Wọ́n mọ epo, wọ́n mọ àwọn tó ń tà á àti àwọn tó ń rà á. Ọ̀nà ni wọn kò ní mọ́. Kókó ohun tí mo wá bá yín sọ lónìí nìyẹn: oníṣòwò tó bá fi gbogbo ọ̀nà tó já sọ́dọ̀ oníbàárà rẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ yẹn ló ni ọjà rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló fi owó ara rẹ̀ ra ẹrù.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ara wa. Aránṣọ tó wà ní Lokongoma, tó bá rán agbádá tán, á ya fọ́tò rẹ̀, á gbé e sí státọ́ọ̀sì WhatsApp. Obìnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Kpata ń gba iṣẹ́ lórí WhatsApp, ó sì ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí Àbújá láti páàkì. Ẹni tó ń ṣe kéèkì ọjọ́ ìbí ní Felele ní ojú òpó Facebook tí àwọn èèyàn rẹpẹtẹ ń tẹ̀ lé. Mo kan sáárá sí gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, wọ́n fi làákàyè ara wọn sọ fóònù di ìsọ̀. N kò sì wá síbí láti ní kí ẹnikẹ́ni jáde kúrò lórí WhatsApp.

Ṣùgbọ́n ta ló ni í? Ní ọjọ́ kẹrin Oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp kú lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri ayé, nítorí ilé-iṣẹ́ kan ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, ẹni tó fẹ́ ra nǹkan kò rí ẹni tó ń tà á. Wákàtí mẹ́fà kì í ṣe ikú, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn kan náà, ìjọba àpapọ̀ fòfin de Twitter ní orílẹ̀-èdè wa láti Oṣù Kẹfà, wọn kò sì ṣí i títí di Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti kó oníbàárà jọ síbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ wò títí, ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ní ọdún 2024, àjọ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà bu owó ìtanràn ọgọ́rùn-ún méjì ó lé ogún mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, tó ni Facebook. Nígbà tí ẹjọ́ náà le dé ojú ẹ̀ ní ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ náà wí nínú ìwé ẹjọ́ rẹ̀ pé ó lè di dandan kí òun ti Facebook àti Instagram pa ní ilẹ̀ wa. Wọn kò tì í. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìròyìn yẹn jáde, mélòó nínú wa ló ní ibòmíràn tí oníbàárà ti lè rí wa bí wọ́n bá tì í?

Kódà Google náà, tí mo máa gbà yín níyànjú láti lò láìpẹ́, ti ṣe irú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń kọ́ ìkànnì kékeré lọ́fẹ̀ẹ́ fún oníṣòwò tó bá forúkọ ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní Oṣù Kẹta ọdún 2024, ó pa gbogbo wọn rẹ́. Ẹni tó ti tẹ àdírẹ́sì yẹn sára káàdì rẹ̀, tó kùn ún sára ọkọ̀ rẹ̀, ọwọ́ òfo ló bá lọ. Kò sí ìjà níbẹ̀. Olóhun ló gba ohun rẹ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀nà kan wà tí kò sí ní ìkáwọ́ ilé-iṣẹ́ kankan, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Tim Berners-Lee, tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Switzerland, ló ronú wẹ́ẹ̀bù jáde ní ọdún 1989. Oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ló kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Inú oṣù yẹn gan-an, ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ tí Lọ́kọ́jà fi di olú-ìlú rẹ̀. Ọjọ́ orí ìpínlẹ̀ wa àti ti wẹ́ẹ̀bù kò jura lọ. Ní ọjọ́ ọgbọ̀n Oṣù Kẹrin ọdún 1993, CERN kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lo wẹ́ẹ̀bù, pé ẹni tó bá wù ú lè kọ́ tirẹ̀ sórí rẹ̀ láìtọrọ àṣẹ. Wọn ì bá sọ ọ́ di Royal Niger Company ìgbàlódé. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí ìpinnu ọjọ́ kan yẹn, ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Ganaja àti ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Dangote ní Ọ̀bájánà ní ẹ̀tọ́ kan náà sí àdírẹ́sì lórí ayélujára.

Kí ni ìkànnì yìí máa ṣe fún wa níbí, ní Lọ́kọ́jà? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mẹ́nu ba ohun tó rọrùn jù. Ìlú ìkọjá ni ìlú wa. Mọ́tò tó ń ti Àbújá bọ̀ tó ń lọ sí Èkìtì, Oǹdó, Ẹdó tàbí ìhà ìlà-oòrùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Táyà á fọ́ mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́, ilẹ̀ á ṣú bá ẹlòmíràn, ebi á pa ọmọ ẹlòmíràn. Àlejò yìí kò mọ ẹnikẹ́ni níbí. Kò sí nínú ẹgbẹ́ WhatsApp yín, kò lè rí státọ́ọ̀sì yín, nítorí kò ní nọ́ńbà yín. Ohun tó máa ṣe ni pé á mú fóònù rẹ̀, á sì tẹ ohun tó ń wá: òtẹ́ẹ̀lì ní Lọ́kọ́jà, mẹkáníìkì ní Lọ́kọ́jà, ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja odò. Ẹni tí fóònù bá dárúkọ ni yóò gbowó rẹ̀. Mo ti rí òtẹ́ẹ̀lì tó mọ́ tónítóní, tí oúnjẹ rẹ̀ dùn, tí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ sí títì, tí àlejò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lóròòru nítorí pé pátákó kan ṣoṣo tó ní wà nínú òkùnkùn.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ omíyalé. Kò sí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí mo ní láti sọ ìtàn ọdún 2012 fún. Ti ọdún 2022 tún wá bá wa nílẹ̀. Adankolo, Ganaja, Kpata, gbogbo etídò, omi gbà á. Omi gé títì lọ́nà Kọtọn-Karfe, mọ́tò tò lọ́jọ́ púpọ̀, àwọn ọkọ̀ epo há sójú ọ̀nà débi pé epo wọ́n ní Àbújá. Àwọn oníṣòwò wa kó ohun tí wọ́n lè kó, wọ́n sì gòkè lọ sọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́. A máa ń ka iye ilé tó wó àti iye oko tó bàjẹ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àdánù kan wà tí kì í sí nínú ìwé ìjọba, òun ni oníbàárà tó sọnù. Ẹ fojú inú wo obìnrin kan tó ti ń ta àwọn ohun èlò ilé láti ọdún mẹ́wàá létídò. Ìsọ̀ yẹn ni gbogbo èèyàn fi mọ̀ ọ́n. Omi gbé ìsọ̀ lọ, ó gbé pátákó lọ, ó gbé ìwé tó kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀ sí lọ, fóònù rẹ̀ pẹ̀lú lè bá a lọ. Ó rí yàrá kan gbà sókè ní Lokongoma, ó tún bẹ̀rẹ̀. Báwo ni àwọn tó ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe máa mọ̀? Wọ́n á dé etídò nígbà tí omi bá fà, wọ́n á rí ẹrẹ̀, wọ́n á mi orí, wọ́n á lọ ra ti ẹlòmíràn. Bó bá ní ìkànnì tí orúkọ ìsọ̀ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ló máa kọ síbẹ̀: a ti ṣí lọ sí ibí yìí, nọ́ńbà wa nìyí. Àdírẹ́sì tó wà lórí ayélujára kì í ṣí kúrò nígbà tí ìsọ̀ bá ṣí. Ìlú mìíràn lè ka èyí sí àfikún. Fún ìlú tó wà létí odò méjì, mo kà á mọ́ ìmúrasílẹ̀ fún òjò.

Ẹ tún wo kajú. Ìpínlẹ̀ wa wà lára àwọn tó ń mú kajú jáde jù ní Nàìjíríà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì ń lọ sí Vietnam àti Íńdíà ní tútù, láìfọ́. Láàárín àgbẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi, ọwọ́ mélòó ló ń gbà kọjá? Ẹni tó ń kó kajú jọ ní Kàbà tàbí ní ilẹ̀ Igala, tó bá fẹ́ bá ẹni tó ń rà á lókè òkun sọ̀rọ̀ tààrà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi í ni pé ibo ni àwọn ti lè kà nípa ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá fi ojú òpó Facebook hàn wọ́n, níbi tí fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò kajú, wọ́n á dákẹ́. Wọn kò ní bú u. Wọ́n kàn máa dákẹ́ ni. Àwọn ọmọ Okun tó wà ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń kọ́lé sílé, tí wọ́n ń wá káfíńtà, ẹni tí yóò gbẹ́ kànga, ẹni tí yóò pèsè oúnjẹ ìsìnkú, àwọn náà ń bi ara wọn ní ìbéèrè yẹn. Owó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rù gbájú-ẹ̀ ló ń bà wọ́n.

Mi ò ní tàn yín: ìkànnì nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di olóòótọ́, gbájú-ẹ̀ náà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ohun tó ń mú ọkàn oníbàárà balẹ̀ ni ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ tí ó ṣeé yẹ̀ wò. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ yín lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Àdúgbò, òpópónà, àti ohun tó wà nítòsí, torí pé ní Lọ́kọ́jà, ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí tàbí iwájú ilé ìwé ni a fi ń júwe ilé. Fọ́tò ìsọ̀ yín gan-an, kì í ṣe èyí tí ẹ gbà lórí ayélujára. Iye tí ẹ ń tà á. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kì í fẹ́ kọ iye ọjà sílẹ̀, wọ́n fẹ́ kí oníbàárà wá kí wọ́n jọ nájà. Ẹ fi iye ìbẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó kéré tán. Ẹni tí kò bá rí iye kankan á rò pé ó ju agbára òun lọ, kò ní pè yín.

Owó ńkọ́? Àdírẹ́sì tó parí sí .ng, bíi .com.ng, wà lábẹ́ àbójútó àjọ tó ń jẹ́ NiRA. Owó náírà ni wọ́n fi ń tà á, iye rẹ̀ lọ́dún kan kò sì tó ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ná sórí dátà láàárín oṣù mélòó kan. Ilẹ̀ tí ẹ máa gbé ìkànnì náà lé náà ní owó tirẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tó máa kọ́ ọ á gba owó iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ lajú sí jù lọ. Ó wọ́pọ̀ kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́ ìkànnì fi orúkọ àti íméèlì ara rẹ̀ ra àdírẹ́sì náà. Kò fi ibi ṣe é, ó fẹ́ yára ni. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ti kó lọ sí Èkó, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́, àkókò ìsanwó dé, kò sẹ́ni tó lè san án, àdírẹ́sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Gbogbo làálàá tí ẹ ṣe láti bọ́ lọ́wọ́ Facebook, ẹ tún ti fà á lé ẹnìkan lọ́wọ́. Ẹ rí i dájú pé orúkọ yín ni wọ́n fi rà á, íméèlì yín ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà sì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ọjọ́ ìsanwó mọ́ ìwé tí ẹ ń kọ owó ìsọ̀ sí.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ́ ààfin fún yín. Èèyàn tó pọ̀ jù ló máa fi fóònù wò ó, dátà wọ́n, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì máa ń fà bí ìgbín ní àwọn àdúgbò wa kan. Ojú ewé kan tó fúyẹ́, tó ṣí kíá, tó ní bọ́tìnnì tí wọ́n lè tẹ̀ láti pè yín tàbí láti bá yín sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá yá, ẹ lè fi ọ̀nà ìsanwó bíi Paystack tàbí Flutterwave kún un. Tí ẹ bá ń gba orúkọ àti nọ́ńbà àwọn èèyàn sílẹ̀ níbẹ̀, òfin ààbò ìwífún ti ọdún 2023 kàn yín. Ẹ má fi nọ́ńbà oníbàárà ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Kí àwọn ọmọ wa sì kọ díẹ̀ níbẹ̀ ní èdè wa, yálà Owóró, Okun, Igala, Ebira tàbí Nupe. Oníbàárà tó rí èdè ìyá rẹ̀ á tètè pè.

Ẹnìkan lè béèrè pé ṣé ayélujára fúnra rẹ̀ kì í kú ni? Ó ń kú. Ní ọjọ́ kẹrìnlá Oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ báńkì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà sì dàrú. Kò sí ọ̀nà tí kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún un ṣe, gbogbo àdírẹ́sì padà síbi tí ó wà, kò sẹ́ni tó ní kí ẹnikẹ́ni tọrọ àṣẹ kó tó wọlé.

Ó sì yẹ kí n sọ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò rẹ̀ lónìí. Ìyá tó ń ta àkàrà lójú títì, tí àwo rẹ̀ ń tán kí aago mẹ́sàn-án tó lù, kò gbọ́dọ̀ yá owó nítorí ìkànnì. Kó fi ìsọ̀ rẹ̀ sórí àwòrán ilẹ̀ Google, ọ̀fẹ́ ni. Gbogbo yín ló yẹ kí ẹ ṣe èyí kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà fún àlejò, ẹni tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà níbi tí omi lè dé, ẹni tó fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ńlá tàbí ìjọba gbé iṣẹ́ fún òun, tirẹ̀ ti di dandan.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọjà ni pé kí ẹ má dá a dá kálukú. Ẹgbẹ́ aránṣọ lè ra àdírẹ́sì kan, kí wọ́n fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀ lórí rẹ̀, kí wọ́n jọ pín owó ọdọọdún. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ẹja ní Kpata lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wà níbí, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Poly wà níbí, àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń wá ibi tí wọ́n ti máa fi ọwọ́ wọn ṣiṣẹ́. Ẹ lọ bá àwọn olùkọ́ wọn. Kí ìwé àdéhùn sọ ọ́ kedere pé ẹgbẹ́ ló ni àdírẹ́sì náà. Oṣù Kẹsàn-án àti Oṣù Kẹwàá ni omi máa ń kún jù; ẹ ra àdírẹ́sì ìsọ̀ yín kí omi tó dé, kí ẹ sì rà á ní orúkọ ara yín.